Bíà Lórí Tábìlì Oúnjẹ: Bí Ọtí Ọkà Ṣe Rí Agbẹnusọ

Ẹni tó bá wọ ilé oúnjẹ àwọn olówó ní London tàbí New York ní nǹkan bí ọdún 1970, odindi ìwé wáìnì ni wọ́n máa gbé ka iwájú rẹ̀. Orúkọ oko àjàrà wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n kórè èso náà wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú yóò sì dúró tì í láti sọ èyí tó bá ẹran àgùntàn lọ àti èyí tó bá ẹja lọ. Bíà ńkọ́? Bó bá rí ìlà kan nísàlẹ̀ ìwé náà, oríire ni. Agbáwo kò ní dárúkọ rẹ̀ àfi bí oníbàárà bá kọ́kọ́ bèèrè, ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ sì lè mú kí wọ́n wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

Bẹ́ẹ̀ ọtí tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yìí ti ń bá ọmọ aráyé jẹun fún ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún, ó kéré tán. Bí a bá tọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé adùn kọ́ ni wáìnì fi ta á yọ. Wáìnì ní àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fún un: akéwì, ọba, bíṣọ́ọ̀bù, àti ọkùnrin kóòtù dúdú yẹn. Bíà ní àwọn tó ń pọn ọ́n àti àwọn tó ń mu ún, tọ̀tún-tòsì wọn kì í sì í kọ̀wé. Ó pẹ́ gan-an kí ẹnì kan tó dìde láti gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan lára àwọn àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lórí bí wọ́n ṣe ń pọn bíà, orin ìyìn ni. Ní ilẹ̀ Súmérì, ní gúúsù ibi tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí, wọ́n kọ ìyìn Ninkasi, òrìṣà obìnrin tó ni ọtí, sára wàláà amọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1800 ṣáájú ìbí Jésù. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á, ìlànà iṣẹ́ ni yóò bá nínú rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń rẹ ọkà kó lè hù, bí wọ́n ṣe ń pò ó mọ́ búrẹ́dì tí wọ́n fi èròjà olóòórùn dídùn yan, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ. Oúnjẹ ni wọ́n fi ń ṣe ọtí, ọtí náà sì tún padà di oúnjẹ. Àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára òǹtẹ̀ òkúta fi àwọn ènìyàn hàn tí wọ́n jókòó yí ìkòkò ká, tí wọ́n ń fi ọ̀pá esùsú gígùn fa ọtí mu nítorí èèpo ọkà tó léfòó lójú rẹ̀.

Ní Íjíbítì, búrẹ́dì àti bíà ni wọ́n ń pín fún àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́ pírámíìdì Gísà lójoojúmọ́. Ilé ìyanbúrẹ́dì àti ilé ìpọntí sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí ọkà kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Àwọn òkú pàápàá ò gbẹ́yìn. Àdúrà tí wọ́n ń kọ sí ibojì ń tọrọ búrẹ́dì àti bíà pa pọ̀ fún wọn. Kò sí ẹni tó jókòó tó ronú pé irú bíà báyìí ló bá irú oúnjẹ báyìí mu. Ọkà ti so wọ́n pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè.

Obìnrin ló mọ iṣẹ́ náà jù. Nígbà tí òfin Hammurabi, ọba Bábílónì, ń sọ̀rọ̀ ilé ọtí ní nǹkan bí 1750 ṣáájú ìbí Jésù, ìyá ọlọ́tí ló dárúkọ, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ju èyí tó bá rẹ́ oníbàárà jẹ lórí òṣùwọ̀n sínú omi. Tiwa náà ò yàtọ̀. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe, òtíkà tí wọ́n ń fi ọkà bàbà ṣe, ọwọ́ àwọn ìyá wa ló wà. Wọ́n á rẹ ọkà sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó kan. Bí wọ́n bá ka ìyìn Ninkasi sí ìyá kan létí ní abúlé tí wọ́n ti ń pọn òtíkà, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò gbọ́.

Ní England, ìjọba sọ ọgbọ́n yìí di ipò. Ní nǹkan bí 1266 ni wọ́n ṣe òfin kan ṣoṣo tó ń darí iye owó búrẹ́dì àti bíà, kí àwọn méjèèjì máa gòkè kí wọ́n sì máa sọ̀ pẹ̀lú owó ọkà lọ́jà. Ìlú kọ̀ọ̀kan wá ń yan atọ́tíwò tirẹ̀, ẹni tí yóò dé ilé apọntí kí wọ́n tó ṣí àgbá tuntun, tí yóò tọ́ ọ wò, tí yóò sì sọ bóyá ó yẹ ní títà tàbí kò yẹ. Ní 1556, ìlú Stratford-upon-Avon yan aránbọ̀wọ́ kan tó ń jẹ́ John Shakespeare sípò yìí. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ló bí ọmọ tó sọ ní William. Iṣẹ́ atọ́tíwò kò mọ sórí bíà, ó tún ń yẹ búrẹ́dì wò bóyá ó tó ìwọ̀n. Ìtàn kan wà káàkiri pé wọ́n á da bíà sórí àga, atọ́tíwò á fi ṣòkòtò awọ jókòó lé e, bí ṣòkòtò bá lẹ̀ mọ́ àga, a jẹ́ pé ọtí náà ò dára. Ìtàn dídùn ni, mi ò sì gbà á gbọ́.

Ibo wá ni ẹ̀gàn ti bẹ̀rẹ̀? Róòmù ni. Àwọn ará Róòmù ń mu wáìnì. Àwọn tí wọ́n ń bá jagun ní àríwá ń mu ọtí ọkà. Nígbà tí Tacitus, akọ̀tàn wọn, kọ̀wé lórí àwọn ẹ̀yà Jámánì ní ọdún 98 lẹ́yìn ìbí Jésù, ó sọ̀rọ̀ ọtí wọn bí ẹni pé àfarawé wáìnì lásán ni. Ojú ọjọ́ ló pín Yúróòpù sí méjì, apá tí àjàrà ti ń hù àti apá tí ọkà báálì ti ń hù. Àwọn alágbára wá sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ di ọ̀rọ̀ ipò. Nígbà tí ìsìn Kristẹni sì gbilẹ̀, wáìnì ló wà lórí pẹpẹ. Kí ni bíà fẹ́ bá ìyẹn jà sí?

Inú ilé àwọn mọ́ńkì gan-an ló ti rí ọ̀nà gbà. Òfin tí Benedict mímọ́ ṣe fún wọn ní ọ̀rúndún kẹfà gbà wọ́n láyè láti mu wáìnì níwọ̀nba, ṣùgbọ́n níbi tí òtútù kò ti jẹ́ kí àjàrà ṣe dáadáa, bíà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn mọ́ńkì Paulaner ní Munich ń pọn irú kan tó le tó sì nípọn fún ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Nígbà tí ẹran di èèwọ̀, òun ni wọ́n fi ń gbé ara ró. Salvator ni orúkọ rẹ̀, wọ́n ṣì ń tà á. Hildegard ti ìlú Bingen, ìyá àgbà ilé àwọn obìnrin mọ́ńkì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìlá pé ìkorò ewéko họ́ọ̀pù kì í jẹ́ kí ọtí tètè bàjẹ́. Ní 1516, àwọn olórí Bavaria ṣòfin pé omi, ọkà báálì àti họ́ọ̀pù nìkan ni kí wọ́n máa fi ṣe bíà. Wọn ò dárúkọ ìwúkàrà, torí kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ìkorò tí wọ́n tìtorí ìpamọ́ wá yẹn ni onímọ̀ bíà yóò padà fi kojú ọ̀rá ẹran.

Bẹ́ljíọ̀mù ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni bíà kò ti kúrò nínú ìkòkò ọbẹ̀ rí. Aládùúgbò wọn ní Faransé ń da wáìnì sí ẹran. Àwọn ń da bíà. Oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní carbonade, ẹran màlúù ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́, wọ́n á dín in títí yóò fi pọ́n, wọ́n á kó àlùbọ́sà púpọ̀ lé e, wọ́n á wá da bíà dúdú rẹ́súrẹ́sú sí i dípò omi. Wọ́n á fi mọ́sítádì ra búrẹ́dì lára, wọ́n á sì gbé e lé orí ẹran náà. Búrẹ́dì á yọ́, ọbẹ̀ á ki. Iná kékeré ni, kò sì gbọ́dọ̀ kánjú. Bíà tó wà nínú ọbẹ̀ náà ni wọ́n máa mu tì í, ẹnu á sì gbọ́ adùn kan náà lọ́nà méjì, ọ̀kan gbígbóná, ọ̀kan tútù. Àwọn mọ́ńkì Scourmont nítòsí Chimay bẹ̀rẹ̀ bíà ní 1862, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wàràkàṣì ní 1876, wọ́n sì ní irú wàràkàṣì kan tí wọ́n ń fi bíà wọn fọ èèpo rẹ̀ bó ṣe ń gbó lọ. Nígbà tí UNESCO fi àṣà bíà Bẹ́ljíọ̀mù sínú ìwé ogún àṣà aráyé ní 2016, wọ́n mẹ́nu ba sísè oúnjẹ pẹ̀lú bíà àti mímú bíà tó bá oúnjẹ mu. Ohun tí ìyàwó ilé ń ṣe láìbèèrè ti wá di ohun tí àjọ àgbáyé ń kọ sílẹ̀.

Ní London ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọtí dúdú kan tí wọ́n ń pè ní porter ló gbòde, alágbàárù etí odò àti ti ọjà ló fẹ́ràn rẹ̀ jù, àwọn ló sì fún un lórúkọ. Ohun tí wọ́n ń jẹ tì í ni oyster, ẹran inú ìkarahun òkun tó di oúnjẹ olówó lónìí, àmọ́ tó jẹ́ pé ti tálákà ni nígbà náà. Charles Dickens fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ nínú The Pickwick Papers. Ìdí tí wọ́n fi bára mu hàn gbangba fún ẹni tó bá tọ́ ọ wò: iyọ̀ òkun ń mú kí adùn ọkà sísun inú ọtí dúdú yọ síta, ìkorò ọtí náà sì ń gbá ìyọ̀rọ̀ ẹran òkun kúrò lẹ́nu. Ebi àti owó táṣẹ́rẹ́ ló so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn onímọ̀ wá ń kọ ìwé láti ṣàlàyé ìdí tó fi dùn.

Láti inú porter ni stout ti wá, ibẹ̀ sì ni ìtàn yìí ti kàn wá. Arthur Guinness gba ilẹ̀ St James's Gate ní Dublin ní 1759 fún 9,000 ọdún ní pọ́n-ùn 45 lọ́dún, àdéhùn tí mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀. Ní 1801 ilé iṣẹ́ náà pọn porter kan fún àwọn erékùṣù West Indies, họ́ọ̀pù rẹ̀ pọ̀, ọtí rẹ̀ le, kó lè fara da ojú òkun. Irú rẹ̀ dé Sierra Leone ní 1827. Ní 1962, wọ́n ṣí ilé ìpọntí sí Ìkẹjà. Ọtí tó korò nítorí ọkọ̀ ojú omi bọ́ sáàárín àwọn tó fẹ́ràn ata, wọ́n sì sọ ọ́ ní Òdekú.

Ṣùgbọ́n kí Òdekú tó dé Ìkẹjà, ayé bíà ti yí padà. Ní Plzeň, ní ilẹ̀ Czech òde òní, àwọn ará ìlú bínú sí bíà burúkú tí wọ́n ń mu, wọ́n kọ́ ilé ìpọntí tuntun, wọ́n sì pe Josef Groll láti Bavaria. Ní 1842 ló pọn bíà aláwọ̀ wúrà tó mọ́ kedere, gbogbo ayé sì ń sín in jẹ títí dòní. Louis Pasteur tẹ ìwé rẹ̀ lórí bíà jáde ní 1876, Carl von Linde ṣe ẹ̀rọ amúǹkantutù fún àwọn apọntí, Emil Christian Hansen yọ ìwúkàrà ẹyọ kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní ilé iṣẹ́ Carlsberg ní 1883. Mi ò ní bú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Bíà kò tètè bàjẹ́ mọ́, ènìyàn sì lè mọ̀ ṣáájú bí yóò ti dára tó. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe di ohun tí wọ́n lè ṣe bákan náà níbi gbogbo, bẹ́ẹ̀ ló ń pàdánù ìlú tó bí i àti ọbẹ̀ tó bá a dàgbà.

Amẹ́ríkà ló jìyà jù. Ní 1873 ilé ìpọntí tó wà níbẹ̀ lé ní 4,000. Òfin tó fi ọtí ṣe èèwọ̀ láti 1920 sí 1933 pa èyí tó pọ̀ jù, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ra èyí tó ṣẹ́kù tàbí kí wọ́n fi owó tẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1970, wọn ò pé ọgọ́rùn-ún. Ìpolówó ọjà kò sọ̀rọ̀ adùn mọ́, bó ṣe tutù tó ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀tàn wà nínú ìyẹn: ohun tó bá tutù jù ń pa ahọ́n kú, ahọ́n tó bá kú kì í mọ ohun tí kò sí nínú gíláàsì.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ láti England. Ní 1971 àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tó lọ lo ìsinmi ní Ireland dá CAMRA sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó fẹ́ gba bíà inú àgbá, èyí tó ṣì ń kan nínú àgbá títí wọ́n fi máa tú u, lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó fẹ́ fi bíà onígáàsì rọ́pò rẹ̀. Ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n ariwo kò tó láti dé tábìlì ilé oúnjẹ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ̀wé.

Michael Jackson ni. Ẹ má ṣe rò pé akọrin ni mo ń wí. Òun náà máa ń fi orúkọ yẹn pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorkshire ni, wọ́n bí i ní 1942, bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó kúrò nílé ìwé tó lọ ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, ọwọ́ oníròyìn yẹn ló sì gbé wọ inú bíà. Ìwé rẹ̀, The World Guide to Beer, jáde ní 1977. Ohun tó ṣe tí ẹnikẹ́ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni pé ó pín bíà ayé sí ìran-ìran, ó sọ ìlú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, omi tí wọ́n fi pọn ọ́n, ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ tì í. Ó ń kọ nípa ọtí alágbàárù pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí wọ́n ti ń fi sọ̀rọ̀ oko àjàrà Bordeaux. Ó ní ètò lórí tẹlifíṣọ̀n, The Beer Hunter, tó gbé e káàkiri Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ìwé rẹ̀ lórí bíà Bẹ́ljíọ̀mù ní 1991 gba àwọn apọntí kéékèèké kan là, torí àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bèèrè ohun tí àwọn ọmọ ìlú fẹ́ pa tì. Àìsàn Parkinson bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì kú ní 2007. Tí wọ́n bá ní kí n yan ẹnì kan ṣoṣo tó sọ bíà di ohun tí ènìyàn lè jókòó kí ó fi ọpọlọ mu, òun ni mo máa yàn, láìṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó.

Àkókò náà sì bá a mu. Ní 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó gba àwọn ará Amẹ́ríkà láyè láti máa pọn bíà mu nílé. Ọdún yẹn kan náà ni Charlie Papazian dá ẹgbẹ́ àwọn apọntí-nílé sílẹ̀ ní Colorado. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ nínú gáréèjì ló wá ṣí ilé ìpọntí kéékèèké. Wọ́n ń wá ẹni tó máa sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún wọn. Ìwé Jackson ni wọ́n bá.

Ọ̀kan nínú irú wọn ni Garrett Oliver, ọmọ adúláwọ̀ láti Queens ní New York. Fíìmù ló kọ́ ní Yunifásítì Boston. Ó lọ gbé ní London ní 1983, bíà inú àgbá tó bá níbẹ̀ yà á lẹ́nu, nígbà tó sì padà délé tí kò rí irú rẹ̀ rà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tirẹ̀. Láti 1994 ló ti jẹ́ ọ̀gá apọntí ní Brooklyn Brewery. Jackson kọ nípa bíà tó ní oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Oliver bẹ̀rẹ̀ láti inú àwo oúnjẹ, ó sì bèèrè bíà tó yẹ ẹ́. Ìwé rẹ̀, The Brewmaster's Table, jáde ní 2003, mo sì gbà pé kò tíì sí ìwé kejì tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2011 ó ṣe olóòtú The Oxford Companion to Beer. Ní 2014, àmì ẹ̀yẹ James Beard, tó jẹ́ ti àwọn alásè àti ilé oúnjẹ, bọ́ sí i lọ́wọ́ ní apá tó jẹ́ pé àwọn oníwáìnì ló sábà ń gbà á. Ní 2020 ó dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn adúláwọ̀ àti àwọn mìíràn tí wọn kì í sábà rí àyè nínú iṣẹ́ ìpọntí, ó sì sọ ọ́ lórúkọ Michael Jackson.

Kí wá ni ohun tí wọ́n ń kọ́ni? Kì í ṣe idán. Gáàsì inú bíà ń gbá ọ̀rá kúrò lórí ahọ́n, kí òkèlè tó kàn lè dùn bí ti àkọ́kọ́; wáìnì tí kò ní gáàsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkorò họ́ọ̀pù ń kojú ọ̀rá àti iyọ̀. Ọkà tí wọ́n yan títí ó fi dúdú ní irú adùn tí ẹran máa ń ní nígbà tí iná bá pa á lára, ohun tí Louis-Camille Maillard ṣàlàyé ní 1912, ìyẹn ni bíà pupa àti ẹran sísun fi ń dá ara wọn mọ̀. Ata ló ṣòro jù. Ata kì í ṣe adùn, ìrora ni, omi kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò. Bíà tó korò gan-an tó sì le máa ń fẹ́ iná rẹ̀ sí i, èyí tó ní adùn ọkà díẹ̀ nínú ń rọ̀ ọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, agbára wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba: kò sí ohun tí bíà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè sọ níwájú ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ.

Bí ìmọ̀ bá ti pọ̀ tó báyìí, ìdánwò ò ní jìnnà. Ilé ẹ̀kọ́ Doemens nítòsí Munich bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn onímọ̀ bíà ní ìwé ẹ̀rí ní 2004. Ní Amẹ́ríkà, Ray Daniels, òǹkọ̀wé àti apọntí ní Chicago, dá ètò Cicerone sílẹ̀ ní 2007, ìdánwò àkọ́kọ́ sì wáyé ní 2008. Ipele mẹ́rin ló ní, ẹni tó sì dé òkè pátápátá kò pọ̀. Wọ́n ń ṣe ìdíje àgbáyé. Karl Schiffner láti Austria ló gba ti àkọ́kọ́ ní 2009, ní 2019 sì ni obìnrin kọ́kọ́ gbégbá orókè, Elisa Raus láti Jámánì. Ó gba ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún láti ìgbà Hammurabi kí ìyá ọlọ́tí tó gba ìwé ẹ̀rí.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìdánwò wọn ni pé apá kan rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìdọ̀tí. Onímọ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tú páìpù bíà palẹ̀ kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí ó mọ gíláàsì tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀ nípa bí ìhó ṣe ń tètè parẹ́, kí ó fi imú mọ bíà tí afẹ́fẹ́ ti bà jẹ́ torí ó ń rùn bíi páálí tó rin. Ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tí oòrùn pa pẹ̀lú. Ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ ohun kan nínú họ́ọ̀pù di òórùn burúkú; ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ń dáàbò bo bíà, ìgò aláwọ̀ ewé kò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣe é. Kí àwọn tó ń to kíréètì sójú oòrùn ní etí títì ilẹ̀ wa gbọ́ èyí o.

Apá kejì kò wù mí tó bẹ́ẹ̀. Bí bíà ṣe ń rí agbẹnusọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbẹnusọ náà ń wọ kóòtù dúdú. Àwọn kan wà tí wọn kò lè gbé ife sẹ́nu láìsọ orúkọ èso méje tí wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú rẹ̀, owó orí ìgò sì ń gun òkè tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn. Sam Calagione tó jẹ́ apọntí àti Marnie Old tó jẹ́ onímọ̀ wáìnì kọ ìwé kan pa pọ̀ ní 2008 tí wọ́n fi ń jiyàn lórí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ọtí ta ló bá a mu. Ẹ̀fẹ̀ pọ̀ nínú ìjà wọn, mo sì rò pé irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà nílò.

Nílé ńkọ́? Ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1949. Ilé ọtí gba ìgboro kan, ẹni tó ń se pẹpẹ súùpù sì bá a dé. Ní 1988, ìjọba fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé, àwọn ilé ìpọntí sì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kérora, wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe. Báyìí ni bíà òyìnbó ṣe wá bá òtíkà pàdé nínú ọkà kan náà, ìtàn tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ bíà máa sọ ju bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ. Àwọn tí kì í mutí náà kò gbẹ́yìn: láti 1976 tí Maltina ti dé, kò sí òde tí jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ọ̀tì kì í tí jókòó pọ̀, adùn ọkà yẹn náà ló sì ń rọ ata ìrẹsì.

Ìyá tó ń ta pẹpẹ súùpù kò ka ìwé Oliver. Bí oníbàárà bá ti jókòó tó sì pe ọtí, ó ti mọ ìkòkò tí yóò ṣí. Ẹni tó pe Òdekú, orí ewúrẹ́ tàbí àsun ló máa dábàá fún un. Ẹni tó pe bíà funfun, ẹja àrọ̀ ni, point-and-kill tó ń hó lórí iná. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí ata pọ̀ sí i kí wọ́n lè mu sí i; ọ̀rọ̀ òwò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n onímọ̀ wo ni kò tajà rí? Ibi kan ṣoṣo tí mo ti lè gbè é lẹ́yìn pátápátá lójú àwọn ọ̀gbẹ́ni Chicago ni ọ̀rọ̀ òtútù. Wọ́n ní kí stout má tutù jù kí adùn rẹ̀ má bàa sá pamọ́. Ní London, nínú òjò, mo gbà. Ní Ìbàdàn, lóṣù kẹta, pẹ̀lú omi ata tó ń mú imú ṣàn, òtútù ìgò yẹn jẹ́ ara oúnjẹ.

Nítorí náà, Òdekú tútù fún àsun, kò sí àríyànjiyàn. Ìgbín aláta, èmi á gba bíà Jámánì tí wọ́n fi àlìkámà ṣe bí mo bá rí i, torí ó rọ̀ ju èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa lọ. Súyà ń fẹ́ bíà aláwọ̀ pupa tí ọkà rẹ̀ ti fara kan iná. Wàrà díndín pẹ̀lú òtíkà, ìyẹn kò sí nínú ìwé kankan tí mo mọ̀, ẹni tó bá lè rí òtíkà gidi rà kó gbìyànjú rẹ̀. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì ni mi ò ní fi bíà kankan tì; omi ló yẹ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni tó ní ìwé ẹ̀rí bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí ìyẹn, kó kọ́kọ́ wẹ ọwọ́, kó wá jókòó.